Àwọn Tó Dúró Lẹ́nu Ilẹ̀kùn: Ìtàn Ìmúrasílẹ̀ fún Sákráméǹtì ní Ilẹ̀ Okun

Ní alẹ́ Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde, inú òkùnkùn ni Ìjọ Kátólíìkì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Wọn a pa gbogbo iná inú ilé ìjọsìn, wọn a dá iná síta, àlùfáà a tan àbẹ́là ńlá kan lára iná náà, àwọn ènìyàn a sì tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wọlé. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Róòmù náà ni wọ́n ń ṣe é ní ilẹ̀ Okun, láti Kàbà títí dé agbègbè Ẹ̀júkù ní Ìlà-Oòrùn Yàgbà. Alẹ́ yẹn gan-an ni ìlànà Ìjọ yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ gba ìrìbọmi. Àlùfáà a da omi sí wọn lórí, a fi òróró kírísímù sàmì sí iwájú orí wọn, kí ìsìn náà sì tó parí, wọn a gba oúnjẹ mímọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Aṣọ funfun, ìlù àti ayọ̀ ìdílé ni àwọn tó wá wòran máa ń rántí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ẹ̀sìn yìí láàárín àwọn Okun kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ omi. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń retí omi. Nínú ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti kọjá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ju èyí tí wọ́n lò nínú ilé lọ, àwọn mìíràn sì kú síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe dúró, ẹni tó bá wọn dúró, àti ohun tó dá wọn dúró, ni ìtàn náà gan-an.

Orúkọ tí Yorùbá fún Ìjọ yìí fúnra rẹ̀ ti sọ nǹkan kan fún wa. Àgùdà ni àwọn àgbà ń pè é, orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ẹrú tó gba òmìnira tí wọ́n padà wálé láti Brazil àti Cuba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn wọ̀nyí ti gba ìrìbọmi lókè òkun kí wọ́n tó dé Èkó, wọ́n sì bá ìlú tí kò ní àlùfáà kankan pàdé. Ọkùnrin kan tó ti ṣe ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Wọn kò fi í joyè àlùfáà, síbẹ̀ ó ń ri àwọn ọmọ bọmi, ó ń ṣaájú àdúrà lọ́jọ́ Àìkú, ó sì ń sin òkú. Nígbà tí Fada Francesco Borghero, ọmọ ẹgbẹ́ SMA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon lọ́dún 1856, wá sí Èkó lọ́dún 1863, ìjọ tó ti ń mí ló bá níbẹ̀. Ọdún 1868 ni àlùfáà tó máa gbé ìlú náà tó dé. Nítorí náà, láti ìpìlẹ̀, ẹni tí kì í ṣe àlùfáà ló pa ẹ̀sìn Àgùdà mọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Òfin Ìjọ kò sì sọ pé ó jẹ̀bi ní ti ìrìbọmi, nítorí bí ọ̀ràn bá di kánjúkánjú, ẹnikẹ́ni lè ri ènìyàn bọmi, bí ó bá ti lo omi, tó pe orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, tó sì ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Mísà àti gbígbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kò sí lágbára rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn Okun gbà bá ẹ̀sìn Kristi pàdé kò jìnnà sí ti Èkó. Ní ọ̀rúndún yẹn kan náà, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń kó wọn lẹ́rú. Lọ́dún 1854, Sigismund Koelle, òyìnbó ajíhìnrere tó ń ṣiṣẹ́ ní Freetown, tẹ ìwé Polyglotta Africana jáde, ìwé tó kó ọ̀rọ̀ èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ láti ẹnu àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Nínú àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá tó wà níbẹ̀ ni Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ wà. Ìyẹn ni pé kí òyìnbó ajíhìnrere kankan tó tẹ ilẹ̀ Okun dó, àwọn ọmọ Okun ti ń gbé lábẹ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní Sàró, níbi tí ogun gbé wọn dé.

Ní àárín àwọn ọdún 1880, àwọn fada SMA dé Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé, Fada Jules Poirier sì ni olórí wọn. Wọn kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1888, Asábà ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Lóṣù January ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger gba Kàbà kọjá lọ bá Bídà jà, agbára Tápà lórí Okun sì rọ. Lọ́dún 1900, Lugard gbé àsíá ìjọba sókè ní Lọ́kọ́jà, ó sì pín Okun mọ́ Àríwá, níbi tí wọ́n ṣì wà nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991. Fún àwọn Kátólíìkì agbègbè yìí, ìpín náà ní ìtumọ̀ tó yàtọ̀, torí pé Àríwá ni ìjọba wọn, Gúúsù ni bíṣọ́ọ̀bù wọn. Ìgbà tó di ọdún 1955 ni Róòmù tó ya Kàbà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbègbè Ìjọ tó dá dúró, tí wọ́n fi Auguste Delisle, ọmọ ẹgbẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́, ṣe olórí rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, àgbègbè náà di díósíìsì, orúkọ rẹ̀ sì yí padà sí Lọ́kọ́jà.

Kì í ṣe Àgùdà nìkan ló wà lójú ọ̀nà. Ní Yàgbà pàápàá, ẹlòmíràn ti ṣáájú: Tommy Titcombe, ajíhìnrere ẹgbẹ́ SIM, dé Ẹ̀gbẹ̀ lọ́dún 1908, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì bí ìjọ tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí ECWA. Àwọn ìjọ wọ̀nyí ń bá ara wọn du ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gidi. Bí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi bá sì dé, kò sí èyí tó ń kánjú nínú wọn. Gbogbo wọn ló ní kí àgbàlagbà kẹ́kọ̀ọ́ ná.

Báwo ni ẹ̀kọ́ náà ṣe rí láàárín àwọn Kátólíìkì? Fada kan ṣoṣo lè ní abúlé ogún tàbí ọgbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ló sì fi ń rìn. Abúlé kan lè má rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mélòó kan lọ. Kátíkísì ló ń gbé ibẹ̀. Tíṣà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, àwọn ọmọdé kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín tíṣà ilé-ìwé àti tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ọkùnrin kan náà ló sábà máa ń jẹ́. Òun ló ń lu agogo lówùúrọ̀. Òun ló ń ṣaájú àdúrà lọ́jọ́ Àìkú tí kò sí Mísà, tó ń bẹ aláìsàn wò, tó ń parí ìjà láàárín ọkọ àti aya, tó sì ń sáré ránṣẹ́ sí fada bí ẹnìkan bá ń kú lọ. Owó oṣù rẹ̀ kéré débi pé oko ló fi ń jẹun. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tí àwọn òyìnbó kọ, orúkọ fada wà lójú ewé, kátíkísì sì di "olùrànlọ́wọ́ wa". Ó yẹ kí wọ́n yí gbólóhùn náà padà: fada ni olùrànlọ́wọ́, ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi èdìdì sí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe.

Ìbéèrè àti ìdáhùn ni ẹ̀kọ́ náà. Kátíkísì a béèrè, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a dáhùn pa pọ̀, wọn a tún un sọ títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára bí oríkì. Àdúrà Olúwa, àdúrà sí Màríà, Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, Òfin Mẹ́wàá, Sákráméǹtì méje: gbogbo rẹ̀ ni olùkẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí. Àwọn mìíràn máa ń fi irú ẹ̀kọ́ báyìí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, wọ́n ní àkọ́sórí lásán ni. Wọ́n gbàgbé pé ìyá àgbà tí kò mọ ìwé kà kò ní ọ̀nà mìíràn láti gbé odidi ìwé kan lọ sóko. Ilẹ̀ Okun kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú rẹ̀. Láàárín àwọn obìnrin ibẹ̀, ẹgbẹ́ Òfósì wà, tí àwọn tó ń wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ fún ìgbà kan, kí wọ́n kọ́ ọ̀rọ̀ tí ará ìta kì í gbọ́, kí wọ́n tó jáde sí gbangba. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ ti gba irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí tí wọ́n fi ní kó dúró kó tó wọ ilé Ọlọ́run.

Ìdúró náà lè gùn. Kádínà Lavigerie, tó dá ẹgbẹ́ àwọn Fada Funfun sílẹ̀ ní Algiers lọ́dún 1868, pàṣẹ ọdún mẹ́rin fún gbogbo ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà. Ẹ̀rù ló bà á: ó ti kà nípa àwọn ibi tí wọ́n ti ri ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bọmi láàárọ̀, tí wọ́n sì padà sídìí òrìṣà wọn lálẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ajíhìnrere ló gba ọdún mẹ́rin yẹn wọlé, àmọ́ èrò tó wà nídìí rẹ̀ tàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí fada bá wá sí abúlé, ìdánwò ni. Yóò pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò béèrè ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà yóò yíjú sí kátíkísì láti béèrè èyí tó le jù: ṣé ẹni yìí ń wá ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé ó ṣì ní oògùn lára? Ìyàwó mélòó ló ní?

Ti àwọn ọmọdé yàtọ̀. Wọn a ri ọmọ Kátólíìkì bọmi ní ọmọ ọwọ́, ìdúró tirẹ̀ a sì wá lẹ́yìn náà, kí ó tó gba oúnjẹ mímọ́. Títí di ọdún 1910, ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ọmọ kì í gbà á títí yóò fi pé ọdún méjìlá tàbí mẹ́rìnlá. Póòpù Pius Kẹwàá ló fa ọjọ́ orí náà wálẹ̀ sí bí ọdún méje, ó ní bí ọmọ bá ti lè mọ ìyàtọ̀ láàárín búrẹ́dì lásán àti Ara Kristi, ó ti tó. Ààwẹ̀ náà tún wà níbẹ̀: láti ọ̀gànjọ́ òru, ẹni tó fẹ́ gbà á kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, omi pàápàá kò gbọdọ̀ kan ètè rẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rin máìlì mélòó kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kí ó tó dé ibi Mísà, tí fada náà sì lè má dé kí oòrùn tó gun àtàrí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lọ́dún 1953 ni Póòpù Pius Kejìlá sọ pé omi kò ba ààwẹ̀ jẹ́ mọ́. Nígbà tó di ọdún 1964, ó ti di wákàtí kan péré. Ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ní tirẹ̀ ń dúró de bíṣọ́ọ̀bù, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù sì wà lókèèrè, ènìyàn lè ti bímọ kí ó tó gbà á. Àwọn tó gbà á kí wọ́n tó yí ìlànà rẹ̀ padà lọ́dún 1971 ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbátí kékeré tí bíṣọ́ọ̀bù máa ń fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, àmì pé kí wọ́n múra láti jìyà nítorí ìgbàgbọ́. Àwọn mìíràn sọ pé kì í ṣe kékeré.

Àmọ́ gbogbo ìwọ̀nyí ni sùúrù lè borí. Ohun tí sùúrù kò lè borí ni ìbéèrè kẹta yẹn: ìyàwó mélòó?

Kò sí ohun tó dá ọkùnrin Okun dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó èyí. Ilé tó ní ìyàwó púpọ̀ ni ilé tó ní oko ńlá, ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àwọn àna tí wọ́n lè gbè é lẹ́yìn bó bá fẹ́ joyè. Kì í ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ lásán gẹ́gẹ́ bí àwọn ajíhìnrere kan ti kọ ọ́, ètò ìlú ni. Ìjọ sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ìrìbọmi gbọ́dọ̀ mú ìyàwó kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ kí àwọn tó kù lọ. Òfin náà ti wà kí òyìnbó tó dé ilẹ̀ Okun. Lọ́dún 1537, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń di Kristẹni, Póòpù Paul Kẹta sọ pé ìyàwó àkọ́kọ́ ni kí ọkùnrin mú, àyàfi bí kò bá rántí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́. Lọ́dún 1571, Pius Karùn-ún dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ní ó lè mú èyí tó bá bá a gba ìrìbọmi. Ìwé òfin tí Ìjọ ń lò láti ọdún 1983 ṣì gbé e dání ní abala 1148, ó kàn fi kún un pé kí wọ́n tọ́jú àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ kó lọ gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ òdodo àti ìfẹ́ ti béèrè. Àwọn Áńgílíkà náà kò rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpérò Lambeth ọdún 1888 sọ pé kí wọ́n má ri aláya púpọ̀ bọmi, kí wọ́n máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi lè tẹ̀ lé òfin Kristi, ó sì di ọdún 1988 kí wọ́n tó yí ìpinnu náà padà. Ní Èkó lọ́dún 1917, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló ya àwọn Mẹ́tọ́díìsì sí méjì.

Ẹni tí ìwé òfin náà sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù ni obìnrin. Ẹ wo ìyàwó kẹta. Àwọn òbí rẹ̀ ti gba ìdána, ó ti bí ọmọ mẹ́rin, ó ti dá oko tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ìwàásù, ọkàn rẹ̀ yí padà, wọ́n sì ní kí ìyàwó kẹta yìí lọ, kí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ lè wọ ìjọba ọ̀run. Níbo ni yóò lọ? Ta ni yóò fẹ́ ẹ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ òun ló san owó orí ìyípadà ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wò ó, wọ́n sì kọ̀, kì í ṣe nítorí pé wọn kò gba Kristi gbọ́, bí kò ṣe nítorí pé ojú tì wọ́n láti lé obìnrin tí kò ṣẹ̀ wọ́n jáde. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ a máa wá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú gbogbo, a dá owó ìkọ́lé, a rán gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ sí ìrìbọmi, a sì jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ gba oúnjẹ mímọ́. Ènìyàn lè bi ara rẹ̀ léèrè, nínú òun àti ẹni tó lé ìyàwó méjì jáde kí ó tó gba omi, ta ni ẹ̀kọ́ náà wọ̀ lára jù.

Láàárín àwọn tó mọ Kàbà, orúkọ St. Augustine's kò ṣàjèjì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ náà pè ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Okun. Àwọn tó ń pe orúkọ náà kì í sábà rántí pé Augustine fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí pẹ́. Ọmọ Áfíríkà ni, wọ́n bí i lọ́dún 354 ní Tagaste, ní ibi tó di Algeria lónìí. Monica, ìyá rẹ̀, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn olùkẹ́kọ̀ọ́ láti kékeré, wọ́n fi iyọ̀ sí i lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó gba ìrìbọmi, lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ní ìlú Milan, lálẹ́ Àjíǹde ọdún 387. Obìnrin kan wà tí ó bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ó sì bí Adeodatus fún un. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wá ìyàwó tó bá ipò rẹ̀ mu fún un, wọ́n dá obìnrin náà padà sí Áfíríkà, ọmọ rẹ̀ sì dúró lọ́dọ̀ bàbá. Augustine fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkàn òun ṣẹ̀jẹ̀, àti pé obìnrin náà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mọ ọkùnrin mìíràn mọ́. Baba àti ọmọ jọ gba ìrìbọmi lálẹ́ kan náà. Orúkọ ìyá ọmọ náà kò sí nínú ìwé kankan.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún aláya púpọ̀ tí kò lé ẹnikẹ́ni jáde: ikú. Bí ó bá wà lórí àkéte ìkẹyìn, tó ronú pìwà dà, tó sì gba ohun tí Ìjọ ń kọ́ni gbọ́, kátíkísì lè bu omi sí i lórí bí fada kò bá sí nítòsí. Kò ṣàjèjì nínú ìtàn Ìjọ. Ọba Constantine tó fún àwọn Kristẹni lómìnira ní ilẹ̀ ọba Róòmù kò gba ìrìbọmi títí di ọdún 337 tó fẹ́ kú. Ní abúlé, ìdílé mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pe Tíṣà lóru, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wọn a yan orúkọ ẹni mímọ́ kan fún un, Joseph tàbí Peter, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò ní fi pè é láàyè ju wákàtí mélòó kan lọ. Lẹ́yìn náà ni wọn a sin ín gẹ́gẹ́ bí Kristẹni, pẹ̀lú gbogbo àwọn opó rẹ̀ lẹ́yìn pósí.

Ìpàdé Vatican Kejì, tó wáyé láàárín ọdún 1962 sí 1965, kò ṣí ilẹ̀kùn yẹn, àmọ́ ó yí bí àwọn ènìyàn ṣe ń dúró níwájú rẹ̀ padà. Ní oṣù December ọdún 1963, ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá ètò ìmúrasílẹ̀ àwọn àgbàlagbà padà ní ìpele-ìpele, ìlànà tuntun rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1972, ọdún kan náà tí Alexius Makozi di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́kọ́jà. Róòmù pè é ní ìmúpadàbọ̀ àṣà àtijọ́. Ohun tí àwọn tó kọ ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ ni pé ní Áfíríkà, àṣà náà kò fìgbà kan kú. Àwọn fada láti Europe ló tún lọ ń kọ́ nílé wọn ohun tí àwọn kátíkísì ilẹ̀ wa ti ń ṣe lábẹ́ igi láti ìran dé ìran. Látìní kúrò nínú Mísà, Yorùbá wọlé, ìyá àgbà sì wá gbọ́ ohun tó ti ń ṣe Àmín sí láti ọdún púpọ̀.

Lónìí, aláya púpọ̀ ti dín kù láàárín àwọn Kátólíìkì Okun, àmọ́ ẹnu ilẹ̀kùn kò ṣófo. Àwọn mìíràn ló dúró síbẹ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti ṣe ìdána, òbí méjèèjì ti gbà, ọmọ ti dé mẹ́ta, wọn kò sì tíì lọ síwájú pẹpẹ. Láti ọdún 1908 tí òfin Póòpù Pius Kẹwàá lórí ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìjọ kò ka ìgbéyàwó Kátólíìkì sí àyàfi bó bá ṣẹlẹ̀ níwájú àlùfáà àti ẹlẹ́rìí méjì. Nítorí náà ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ kò ní ẹlòmíràn ṣe jókòó sórí àga nígbà tí àwọn tó kù bá dìde lọ gba Ara Olúwa. Bí a bá bi wọ́n léèrè, owó ni ìdáhùn: aṣọ ẹbí, ìrẹsì, kánófì, ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, àwọn àlejò láti Abuja. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tí òfin Ìjọ béèrè. Àlùfáà, ẹlẹ́rìí méjì, àti ìfẹ́ inú àwọn méjèèjì ti tó. Àwọn páríṣì kan ní Nàìjíríà ti ń so tọkọtaya púpọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà láti gé ìnáwó kúrò, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti ní ọmọ-ọmọ. Ìjọ ló sọ ìdána di aláìtó, àwùjọ ló sì sọ ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì di ohun tí tálákà kò lè ṣe. Láàárín àwọn méjèèjì ni obìnrin náà jókòó sí.

Bí àwọn wọ̀nyí bá pinnu nígbẹ̀yìn, ohun àkọ́kọ́ tí fada yóò béèrè ni ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, kì í ṣe èyí tó ti gbó nínú àpótí ìyá. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo páríṣì ló ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n rì bọmi sí: orúkọ ọmọ, ti òbí, ti àwọn tó gbé e síbi omi, ọjọ́ tí wọ́n bí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, wọ́n ń fi àyè sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìfẹsẹ̀múlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìgbéyàwó sí, ibẹ̀ náà ni wọn yóò kọ ọ́ sí bí ó bá di àlùfáà. Ọmọ tí wọ́n rì bọmi ní abúlé kan ní Yàgbà lè dàgbà sí Kàdúná, kí ó ṣègbéyàwó ní Èkó, àmọ́ fada Èkó gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ padà sí abúlé yẹn kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní agbègbè tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ti lọ, ìwé yẹn lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí ìgbésí ayé wọn ṣì wà pa pọ̀ lójú ewé kan.

Ìwé sì ni. Ikán ń jẹ ẹ́, òjò ń rìn ín, páńù òrùlé ń ṣí. Kátíkísì àtijọ́ tó kọ ọ́ lè ti kọ Yésúfù níbi kan àti Joseph níbòmíràn. Ẹni tó bá dé láti ìlú ńlá, tí wọ́n sì sọ fún un pé wọn kò rí orúkọ rẹ̀, ó lè rò pé ohun gbogbo ti bàjẹ́. Abala 876 nínú òfin Ìjọ ti ronú kan irú rẹ̀. Ó ní bí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí kò sí iyèméjì lórí rẹ̀ ti tó láti fi hàn pé ìrìbọmi náà wáyé. Fada a wá béèrè nínú abúlé bóyá ẹnìkan wà tó rántí, wọn a sì lọ pe ìyá àgbà kan láti ẹ̀yìn ilé, ẹni tó gbé ọmọ náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ó wá jókòó, kí ó sì sọ ohun tó rí.